Ẹni tó ń kó ọjà fún búkà ti ń kanlẹ̀kùn ilé: kí ló ṣẹlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 2020?

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò kankan l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 2020, ì báà jẹ́ ti Ìbarà, ti Àdìgbẹ̀ tàbí ti Ọbáńtókò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí i: àwòrán àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró, páálí ẹja àti kírétì ẹyin, nọ́ńbà fóònù lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé wọ́n á gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín. Àríyànjiyàn tó ń tẹ̀ lé e ló jẹ́ kọ́rọ̀ náà gbòde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé àwòrán wọ̀nyí síta ni a ò rí rí nídìí àtẹ, nítorí pé búkà, ilé oúnjẹ ńlá, òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn alásè òde ni wọ́n ń kó ọjà fún tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní jìbìtì ni. Àwọn kan búra pé iye ọjà wọn dín sí ti ọjà Kútọ̀. Àwọn alátẹ ní ṣe ni wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún náà, àrùn kòrónà ò tíì lọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì rọlẹ̀.

Ta ni wọ́n, ibo ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀?

Oúnjẹ tí à ń jẹ ní búkà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọlé, àwa tá à ń jẹun níbẹ̀ la ò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí i. Ìyá olóúnjẹ tó ń ta láfún àti ewédú ní Pánṣẹ́kẹ́ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ná ata lọ́jà láràárọ̀. Ẹnì kan ló ń já apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò àlùbọ́sà sílẹ̀ fún un kílẹ̀ tó mọ́ tán. Ẹlòmíràn ń gbé páálí ẹja wá láti ilé yìnyín. Alápatà ti mọ iye ẹran tí yóò gé sọ́tọ̀ fún un kí àwọn oníbàárà yòókù tó dé. Láfún ń wọlé ní àpò láti abúlé, ìrẹsì ọ̀fàdà ń wá láti apá Ọbáfẹ́mi-Owódé. Sọ̀pláyà ni àwọn olóúnjẹ ń pe gbogbo wọn pọ̀.

Sọ̀pláyà kì í ní ìsọ̀ tó tóbi, ó lè má tilẹ̀ ní pátákó orúkọ. Oníbàárà rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ọjà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà máa ń pọ̀. Ohun pàtàkì ibẹ̀ ni pé àwìn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọjà dé lọ́jọ́ Ajé, owó á wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, tàbí ìgbà tí òmíràn bá dé ni wọ́n á san ti àtẹ̀yìnwá. Inú ìwé kékeré kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ kọ ọ́, orí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

L'Ábẹ́òkúta, ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà wọlé fún wọn. Èkíní ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ ṣe lọ sí Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán níta. Ìkejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́: fásitì FUNAAB, ilé ẹ̀kọ́ gíga MAPOLY àti àwọn ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Ìkẹta ni òde ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé ìkẹta yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Alásè kan lè gba ọjà tó ju ti búkà mẹ́ta lọ fún ìnáwó ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ló wá já okùn náà?

Ìpínlẹ̀ Ògùn ti gbúròó kòrónà ṣáájú ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, ti gba Èkó dé Ewékorò, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta síbí. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta, àjọ ìlera àgbáyé pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ilé ìwé ti tì. Lọ́jọ́ 29, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Abuja, pé kó bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún Ògùn láàyè díẹ̀ káwọn èèyàn lè rí oúnjẹ kó sílé, torí náà ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń ṣí ìlú fún wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á tún tì í pa.

Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú fún àwọn sọ̀pláyà nìyí. Nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ bá ìlú sọ, ó yọ àwọn tó ń ṣe oúnjẹ, tó ń pín in àti tó ń tà á kúrò nínú òfin náà. Ọkọ̀ oúnjẹ lè rìn. Àmọ́ ibi tí ọkọ̀ ọ̀hún ń gbé ọjà lọ ti tì: búkà tì, òtẹ́ẹ̀lì tì, ilé ìwé tì, kò sóde. Wọ́n fún un láṣẹ àtirìn, kò sì rí ẹni tí yóò já ọjà fún.

Nígbà tí wọ́n dẹ okùn lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ilé oúnjẹ ò gbọdọ̀ gba ẹni tó fẹ́ jókòó jẹun, kìkì ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ sílé fún oníbàárà ni wọ́n gbà láyè. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, òtẹ́ẹ̀lì lè ṣí, ilé oúnjẹ tí kò sí nínú òtẹ́ẹ̀lì sì lè tà á fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n ìjókòó-jẹun ṣì jẹ́ èèwọ̀. Kónílé-ó-gbélé alẹ́ di aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí. Èrò tó bá pé jọ ò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Ibi tá a dé níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2020 nìyẹn. (Ẹni tó bá ń gba àwọn òpópónà kan kọjá lọ́sàn-án nígbà náà á ti rí búkà tí kọ́tìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ariwo ṣíbí ń dún nínú rẹ̀. Ìyẹn ò yí òfin padà.) Iléyá ọdún náà, tó bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Keje, tó jẹ́ àkókò tí àwọn alásè máa ń rówó jù, lọ bẹ́ẹ̀ láìsí agbo òde kan gbòógì.

Ṣé Abẹ́òkúta nìkan ni?

Rárá o. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún kan náà, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Boris Johnson, ní kí gbogbo ilé oúnjẹ àti ilé ọtí tì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń kó ẹ̀fọ́, èso, ẹran àti ẹja fún ilé oúnjẹ Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà sínú páálí fún àwọn tó wà nílé. Ní New York, iléeṣẹ́ Baldor tó jẹ́ pé ilé oúnjẹ ló ń kó ẹ̀fọ́ fún tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọjà lọ sílé èèyàn, wọ́n ní ọjà tẹ́nì kan bá máa rà kò gbọdọ̀ dín sí dọ́là 250.

Ti ìyẹ̀fun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìyẹ̀fun tán lórí pẹpẹ ilé ìtajà, gbogbo ayé rò pé ìyẹ̀fun ti wọ́n. Àwọn ọlọ́lọ̀ ìyẹ̀fun ibẹ̀ sọ pé kò wọ́n rárá: nínú gbogbo ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gba ilé ìtajà kọjá, ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbúrẹ́dì àti iléeṣẹ́ nínú àpò ńlá àti ọkọ̀ àgbérù. Àpò kékeré tí ìyàwó ilé lè gbé ló wọ́n, ẹ̀rọ tó ń dì í ò sì pọ̀ tó. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùsìn màlúù ń da mílíìkì nù nígbà tí ìdílé ń wá a kiri ilé ìtajà, nítorí èyí tí wọ́n ń rọ fún ilé ìwé àti ilé oúnjẹ ò ṣeé yí padà sí gálọ́ọ̀nù ilé láàárín ọ̀sán kan òru kan.

Níbí náà, adìẹ ò mọ̀ pé ìjọba ti ìlú pa. Ẹyin ń jáde lójoojúmọ́ lóko àwọn olùsìn adìẹ ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn tó ń kó o fún ilé ìwé àti àwọn tó ń fi ẹyin ṣe nǹkan tà ò sì sí níta mọ́.

Ọjà wà, èèyàn wà nílé: kí ló wá ṣòro níbẹ̀?

Ìwọ̀n ni. Ẹ wo páálí ẹja kan. Páálí Títúsì tó wọ́pọ̀ jẹ́ kílò 20, ẹja inú rẹ̀ ti dì mọ́ra lórí-sí-ìrù bíi bíríkì. Olóúnjẹ gba odidi rẹ̀, ó jù ú sí fírísà tàbí kó da omi lé e, ó tán. Ìdílé ọlọ́mọ méjì ò fẹ́ ju kílò méjì lọ. Ẹni tó fẹ́ bá wọn pín in ní láti gbé páálí náà sókè, kó là á mọ́lẹ̀ símẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹja tó tú kúrò lára ara wọn. Bí wọ́n ṣe ń tú, orí tibí á já, ikùn tọ̀hún á ya. Olóúnjẹ ò ní wí nǹkan kan, ó kúkú máa gé e. Ìyàwó ilé tó sanwó kó tó fojú rí ẹja á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ padà: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé wá fún mi yìí?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Yìnyín ara ẹja wúwo nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní Láfẹ́nwá, ó ti ń kán nínú náílọ́ọ̀nù kí ọ̀kadà tó dé Ọbáńtókò. Kílò méjì tó kúrò níbẹ̀ kọ́ ló dé ibí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jalè. Ọ̀pọ̀ ìjà tí wọ́n ń jà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp lórí "wọ́n gé e kù fún mi" ti ibí yìí wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àlàyé nípa yìnyín lẹ́yìn tó ti sanwó.

Ti tòmátì tún yàtọ̀. Nínú apẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ máa ń rọ̀ tàbí kó fọ́ kí ọkọ̀ tó ti Òkè Ọya dé. Olóúnjẹ tí yóò lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà ò bìkítà, owó tó dín ló ń wá. Ẹni tó ń rà á sílé ń wá èyí tó le, tó lè lo ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Torí náà sọ̀pláyà ní láti ṣà á, èyí tó ṣà kúrò sì ti di àdánù rẹ̀ nítorí búkà tó ń gbà á ti tì. Nígbà tí ìlú wà ní títì pa, ọkọ̀ tòmátì míì tún ń sùn lójú ọ̀nà níwájú àwọn ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ní kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ kọjá.

Ìṣòro kejì ni àwìn. Nígbà tí ìlú tì, owó sọ̀pláyà wà lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ. Òun náà sì jẹ onílé yìnyín àti àwọn tó kó ọjà fún un ní gbèsè. Ìdílé kì í gbàwìn lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀, sọ̀pláyà náà ò sì ní fún wọn. Owó ojú ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn èèyàn yìí fi sáré wá bá wa nílé, ibí ni kó wò kó tó wo ohunkóhun mìíràn: wọ́n nílò owó tó ń wọlé lójúmọ́ láti fi san gbèsè tí búkà kò lè san fún wọn.

Ṣùgbọ́n owó ojú ẹsẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọra wọn ló bí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Olùtajà ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀yin ní kó kọ́kọ́ gbé ọjà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn wá fẹnu kò sí ni pé kí ọlọ́kadà gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́, kó má lọ títí àlááàtì á fi wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ọlọ́kadà lè jókòó sẹ́nu géètì yín fún wákàtí kan, ẹrù ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yọ́.

Ṣé lóòótọ́ ló dín sí ti ọjà?

Ó sinmi lórí iye tẹ́ ẹ rà. Sọ̀pláyà ń rà á lówó ọlọ́pọ̀, torí náà odidi àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 tàbí kírétì ẹyin mẹ́ta lè dín sí ti ọ̀dọ̀ alátẹ. Nígbà tó bá di kóńgò méjì tàbí kílò kan, owó ọ̀kadà á gbé èrè náà jẹ. Iye owó bẹntiróòlù tí wọ́n dín kù sí ₦125 lóṣù Kẹta ọdún 2020 gòkè dé ₦140.80 sí ₦143.80 lóṣù Keje, àwọn ọlọ́kadà ò sì jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó fi kún tiwọn. Tiránsífà náà ní owó tirẹ̀ lọ́dún 2020: ₦10 fún owó tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 fún èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kékeré ni, ó kàn jẹ́ pé kò sí nídìí àtẹ.

Ẹja ní ti tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹja inú páálí ti ń wá, náírà sì ti já. Lóṣù Kẹta ọdún 2020, báǹkì àpapọ̀ gbé dọ́là kúrò ní nǹkan bí ₦306 sí ₦360. Bí ẹja bá wọ́n lọ́wọ́ alátẹ, tó sì wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e wá sílé, orísun kan náà ni.

Kí làwọn alátẹ ń wí? Kí làwọn olóúnjẹ ń wí?

Àwọn alátẹ àti alárobọ̀ ní àwọn ń san owó ìsọ̀, àwọn ń san owó ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ẹgbẹ́, àwọn sì ń gbá ọjà. Ẹni tó ń tà látinú yàrá rẹ̀ ò san èyíkéyìí nínú wọn. Wọ́n tún ní ọ̀dọ̀ àwọn sọ̀pláyà kan náà yìí làwọn ti ń ra ọjà, báwo wá ni ẹni tó ń tà fún èèyàn ṣe máa gbẹ̀yìn lọ tà fún oníbàárà ẹni níye kan náà? Ibi tọ́rọ̀ wọn gbé lágbára jù nìyí, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn rẹ̀ tààrà.

Ìdáhùn àwọn sọ̀pláyà ni pé ọjà tí yóò bàjẹ́ ò lè dúró de ẹnikẹ́ni, pé àwọn tí ẹ̀rù ń bà láti wọ àárín èrò, pàápàá àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kò ní lọ sí Kútọ̀ bó ti wù kó rí. Àwọn kan lára wọn ti ń yan àwọn alátẹ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n á já ọjà sí, kí alátẹ bá wọn pín in ní wẹ́wẹ́, kó sì gba díẹ̀ nínú èrè. Èyí yanjú ìṣòro ìwọ̀n àti ti páálí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rìkà wọn nǹkan ju alátẹ lọ.

Àwọn olóúnjẹ ò pariwo tó wọn. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bí ìdílé bá ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ẹran àti ẹja níye tí búkà ń rà á, wọn ò ní gbà mọ́ tí wọ́n bá gé ẹran kékeré fún wọn lówó ńlá.

Ṣé òfin fàyè gbà á?

Títà oúnjẹ fúnra rẹ̀ ò sí lára ohun tí òfin kónílé-ó-gbélé kà léèwọ̀.  Ibi tó yẹ ká ṣọ́ra ni oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe, tí wọ́n sì dì. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn, ò fàyè gbà á kí èèyàn dà òróró látinú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, kó lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, kó máa tà á láìforúkọ sílẹ̀. Ní ti ẹ̀tọ́ ẹni tó ń rà, òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọjà tó dé gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe mu, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì lè dá a padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi sórí WhatsApp náà jẹ́ ìṣàpèjúwe. Ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn nígbà náà ni ti àwọn tó ń gbé ẹrù. Lóṣù Keje ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, NIPOST, gbé iye owó ìwé àṣẹ tuntun jáde fún gbogbo ẹni tó ń fi ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà gbé ẹrù fún èèyàn: mílíọ̀nù 20 náírà fún ẹni tó ń gbé e dé òkè òkun, mílíọ̀nù 10 fún gbogbo Nàìjíríà, mílíọ̀nù 2 fún ìpínlẹ̀ kan, mílíọ̀nù 1 fún ìlú kan, àti ₦250,000 fún oníṣòwò kékeré. Ariwo ta. Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, Isa Pantami, sọ pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dá a dúró. Fún sọ̀pláyà tó ní ọ̀kadà kan ṣoṣo l'Ábẹ́òkúta, ₦250,000 lè ju owó ọ̀kadà náà fúnra rẹ̀ lọ lọ́dún náà, nítorí náà ojú rẹ̀ ń wo ibi tọ́rọ̀ yìí á já sí.

Bí búkà bá ṣí, ṣé wọ́n á padà síbẹ̀?

Àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá girama wọlé padà lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 láti múra sílẹ̀ fún WAEC, àwọn ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ sì ti ń wá ẹni tó máa kó ìrẹsì àti ẹ̀wà fún wọn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ti ń pe nọ́ńbà àtijọ́. Sọ̀pláyà tó ti ń gbowó ojú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé láti oṣù Karùn-ún wá ń gbọ́ ohùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹ kọ́kọ́ já ọjà sílẹ̀, a ó san án lópin ọ̀sẹ̀.

Gbèsè oṣù Kẹta ṣì wà nínú ìwé nígbà náà. Ohun tí àwọn kan lára wọn bá olóúnjẹ ṣàdéhùn ni pé ọjà tuntun di owó lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀ kún un nígbàkúùgbà tí ọjà bá dé, títí gbèsè àtijọ́ á fi tán. Àwọn olóúnjẹ tó gbà ti ń rí ọjà gbà. Àwọn tí kò gbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ara wọn lọ sí Kútọ̀ láràárọ̀, wọ́n sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn alátẹ.